Kí O Tó Pa Àgọ́, Fa Kẹ̀kẹ́ Rẹ Lé Onílé Lọ́wọ́

Ẹrúnmu,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun àlàásárì.

Àyìndé, ọmọ bàbá mi,

Ìwé rẹ dé ọwọ́ mi. Awakọ̀ tó ń kó gbágùúdá wa lọ sí Ìbàdàn ló bá ọ mú un wá. Ẹ̀bá ọ̀nà ló ti nà án sí mi, mo sì dúró kà á pẹ̀lú gíríìsì lọ́wọ́. Tí o bá rí àmì ìka dúdú lára bébà tèmi náà, má bínú. Kẹ̀kẹ́ ni mo ń tún ṣe títí di ìsinsìnyí.

Mo gbọ́ ohun tí o wí. O ní ẹ ti parí ìdánwò, pé ìwọ àti Túndé ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ gba Ìdìróko lọ sí Kútọnù, kí ẹ sì ti ibẹ̀ dé Lomé, kí ẹ lè fi èdè Faransé tí ẹ kọ́ ní yunifásítì bá àwọn tó ń sọ ọ́ nílé sọ̀rọ̀. O ní owó tó wà lọ́wọ́ yín kò tó owó hòtẹ́ẹ̀lì, pé inú àgọ́ lẹ fẹ́ máa sùn. O wá bi mí pé, "Bùọ̀dá mi, níbo lẹ ń sùn nígbà tí ẹ̀yin náà gun kẹ̀kẹ́ lọ?" Lẹ́yìn náà, ní ìsàlẹ̀ ìwé, bí ẹni tó fi ọ̀bẹ pa mọ́ sábẹ́ ẹní, o ní níwọ̀n ìgbà tí Ìyá ti ní àwọn kò fẹ́ gbọ́, o kò ní wá sílé mọ́ kí o tó lọ. Láti Ajíbọ́dẹ tí ẹ ń gbé lẹ ó ti gbéra.

Bàbá wa kú nígbà tí o kò tíì lè dá bàtà wọ̀. Oko àti kẹ̀kẹ́ títúnṣe ni mo fi tọ́ ọ. Mi ò sọ èyí láti fi dí ọ lẹ́nu. Mo sọ ọ́ kí o lè mọ irú ìwé tí o mú lọ́wọ́. Irùngbọ̀n mi kò tíì kún, ṣùgbọ́n ìwé baba sọ́mọ ni mò ń kọ, èmi kì í sì í kọ̀wé gígùn lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá ní kí n kọ̀wé dá ọ dúró. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, wọ́n sì rò pé ohun tí mò ń kọ nìyẹn. Mi ò lè dá ọ dúró. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́? Ṣùgbọ́n o kò gbọ́dọ̀ lọ láìrí ojú wọn. Nítorí náà ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú ìwé yìí: ibi tí o ó máa sùn, àti bí o ṣe máa gba ọ̀nà lọ́wọ́ Ìyá. O lè rò pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Kà á dópin.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ìrìn tiwa ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí ọmọdé ni ọ́ nígbà náà. Èmi àti Sùnmọ́nù la jọ lọ, ọmọ ilé kejì tó ń kan àga báyìí. Ní ìsọ̀ ọ̀gá tó ń kọ́ mi níṣẹ́, awakọ̀ kan wí pé kẹ̀kẹ́ kò lè la orílẹ̀-èdè kọjá, pé ẹsẹ̀ ẹni tó bá dán an wò á kọ́kọ́ ya. Mo ní á là á. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ìwọ Mùkáílà? Ìwọ tí o máa ń sọ̀ kalẹ̀ tì í gun òkè Ẹgbẹ́dá?" Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn nìkan ló gbé mi kúrò nílé, kò sí nǹkan mìíràn. Mo sọ fún Ìyá pé kí oṣù tuntun tó lé, a ó ti padà. Ìwọ ní èdè tí o fẹ́ lọ sọ. Èmi, àáyá ló bẹ́ sílẹ̀ tí mo ní mo fẹ́ bá a bẹ́. O rí i pé ìrìn tìrẹ sàn ju tèmi lọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó yá, èkínní. Wá ibi tí o ó sùn nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè igi. Ẹni tó bá dé lójúmọmọ, àlejò ni. Ẹni tó bá dé nígbà tí ojú kò ríran mọ́, kí wọ́n tó mọ̀ pé àlejò ni, wọ́n á ti gbé kùmọ̀. Mo mọ ìwọ àti Túndé. Ẹ ó máa sọ pé ẹ jẹ́ ká dé ìlú tó wà níwájú. Ìlú tó wà níwájú kì í sá lọ. Nígbà tí a kọjá Ìláròó, èmi ni mo ní ká máa tẹ̀ ẹ́, ká máa tẹ̀ ẹ́, títí ilẹ̀ fi ṣú, tí a ya sínú oko tí a kò mọ olówó rẹ̀, tí a tẹ́ ẹní. A kò tíì sùn wọra tí Sùnmọ́nù fi fò sókè, tó ń gbá itan ara rẹ̀. Ó ní, "Mùkáílà, ìjàlọ ló ni hòtẹ́ẹ̀lì yìí o, wọ́n sì ti ń gbowó wọn lára mi!" Orí ìdúró la wà tí ilẹ̀ fi mọ́. Tó bá jẹ́ pé a ti dúró nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn ni, à bá ti rí ojú ọ̀nà wọn lórí ilẹ̀.

Ìkejì. Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wo ojú ẹni tí o fẹ́ bi. Má bi àwọn géńdé tó wà ní gáréèjì. Wọn kò burú, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ní ẹ̀gbọ́n tó ní hòtẹ́ẹ̀lì. Bi ìyá arúgbó tó jókòó ti ọjà rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀. Bi olùkọ́. Bi ẹni tó ń da agbo ẹran rẹ̀ wọlé ní ìrọ̀lẹ́, nítorí ẹni tó ń wá ibi sùn fún ẹran mọ ohun tí ò ń wá. Má sì kọ́kọ́ tọrọ ibi sùn. Omi ni kí o tọrọ. Omi kì í ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti bu fún ni. Ẹni tó bá ti bu omi fún ọ ti gbà ọ́ lálejò díẹ̀, ibi sùn kò sì jìnnà sí ìdí àmù mọ́.

Ìkẹta, àwọn ibi tí kò ní ná yín ní nǹkan púpọ̀.

Ọgbà ilé ẹ̀kọ́ dára ní àkókò ọlidé, bí ẹ bá rí ọ̀gá ibẹ̀ tàbí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹ má pa àgọ́ sórí pápá tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, nítorí láàárọ̀, àgọ́ yín ni wọn ó fi ṣe ojú ilé.

Mọ́sálásí ńkọ́? O mọ bí wọ́n ṣe ń kí lèmọ́mù. Sọ fún wọn, kí o sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kì í ṣe inú. Ká ẹní rẹ kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, kí o sì bá wọn kí i. Ẹni tó bá sùn kọjá ìrun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́sálásí, ojú kò tì í nìyẹn.

Túndé ní tirẹ̀, ọmọ Aládùúrà ni. Ẹ ó rí àwọn aláṣọ funfun lọ́pọ̀ lọ́nà yẹn, àánú sì wà lójú wọn. Ó mọ̀ pé a kì í wọ bàtà dé orí ilẹ̀ wọn, kí ó rán ọ létí. Wọ́n á gbà yín, wọ́n á fún yín ní ẹní, ṣùgbọ́n ẹ ó bá wọn ṣe àdúrà, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ máa tòògbé. Ní ọ̀kan nínú wọn, aríran kan na ọwọ́ sí wa, ó ní òun rí i pé kí a gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí ìrìn wa. Sùnmọ́nù wo ilẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ ríran lóòótọ́. Láti Ìdìróko la ti wà nínú rẹ̀." Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n gbé ẹ̀wà wá.

Ti ibi tí o ní àwọn òyìnbó ń pa àgọ́ sí létí òkun, tí wọ́n ń gbowó, òótọ́ ni, ó wà. Má bẹ̀rù rẹ̀, ṣùgbọ́n ná an kí o tó tú okùn kan ṣoṣo lára ẹrù rẹ. Ẹni tó ti pa àgọ́ tán kò ní ẹnu tí yóò fi nájà mọ́. Béèrè bóyá omi wà nínú owó náà, bóyá ilé ìgbẹ́ wà nínú rẹ̀. Béèrè bóyá orí ènìyàn ni wọ́n ń kà tàbí àgọ́. Tó bá jẹ́ àgọ́ ni, ẹ sùn pọ̀ sínú ẹyọ kan. Tó bá jẹ́ orí ni, ẹ ní ẹ̀yìn pátápátá lẹ fẹ́, níbi tó jìnnà sí òkun. Ibẹ̀ ló máa ń dínwó. Ibẹ̀ náà kọ́ ni iyanrìn ti ń fò wọnú gàrí ènìyàn. Tí kò bá wọ̀ yín, ẹ dúpẹ́, kí ẹ máa lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí oòrùn ṣì wà lókè.

Nínú ilé aráabúlé, ọ̀tọ̀ ni. Má na owó sí wọn lójú bí o ṣe ń dé. Wọn kò tà á fún ọ. Láàárọ̀, gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ilé, kí o gbá ọgbà. Pọn omi. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lẹ táyà, mo sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dín ṣéènì kù; kò sí abúlé tí kò ní kẹ̀kẹ́ kan tó ti ń jókòó ti ògiri. Lẹ̀ ẹ́ fún wọn. Ọwọ́ rẹ lowó rẹ.

Ibi tí ẹ kò gbọ́dọ̀ sùn: abẹ́ àgbọn, nítorí àgbọn kì í kígbe kó tó já bọ́, ojú odò tó gbẹ, nítorí òjò lè máa rọ̀ níbi tí ẹ kò rí, ibikíbi tí ẹ bá ti rí màrìwò tí wọ́n so mọ́ igi, ẹ kí i, ẹ yà fún un, ẹ má bi ará ibẹ̀ léèrè. Ẹ má sì sùn sí tòsí àwọn aṣọ́bodè. Ẹni tó tú ẹrù rẹ wò lọ́sàn-án á tún fẹ́ tú u wò lóru. Ẹ sun ewé dógóyárò nítorí ẹ̀fọn. Ẹ da iyanrìn sí etí tàpólì tí ẹ bá tẹ́ sábẹ́ àgọ́ yíká kí omi má gba abẹ́ rẹ̀ wọlé.

Mo ti ń ka nọ́ńbà bọ̀, mo ti ṣì í kà. Jẹ́ ó rí bẹ́ẹ̀. Ibi tó kù yìí gan-an ni kí o ti la etí rẹ.

Ó di ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́.

O mọ ààlè. Kò sí ọmọ oko tí kò mọ̀ ọ́n. Ìyá á gbé igi ìdáná kalẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà oko, wọ́n á so àkísà pupa àti ìkarahun ìgbín mọ́ ọn, wọ́n á wá sílé wá sùn. Tí wọ́n bá padà lọ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, igi wọn ń dúró dè wọ́n. Ohun tí mo bá dàgbà nìyẹn, mo sì gbé e lọ sókèèrè bí ẹni gbé iyọ̀ lọ. Mi ò ra àgádágodo. Mo ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe?

Ní abúlé kan lẹ́yìn Pópó, nínú àgbọn, létí òkun, a tọrọ omi lọ́wọ́ ìyá àgbàlagbà kan tó ń yan ẹja. Wọ́n ti ta ẹja l'Ékòó nígbà èwe wọn, wọ́n gbọ́ èdè wa. Ànàgó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Wọ́n wo kẹ̀kẹ́, wọ́n wo ẹsẹ̀ wa.

"Ẹ̀yin ọmọ Ànàgó, níbo lẹ ń lọ?"

"Lomé ni, Ìyá."

"Kí lẹ sọ nù síbẹ̀?"

Sùnmọ́nù tọ́ka sí mi. "Ọpọlọ eléyìí ni, Ìyá. A ní ká lọ wò ó bóyá ibẹ̀ ló wà."

Inú wọn dùn sí i. Wọ́n fún wa ní ẹja àti gàrí, wọ́n sì ní kí a sùn sábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ń sá àwọ̀n sí, nínú ọgbà wọn. Wọn kò béèrè kọ́bọ̀. Kí n tó sùn, mo mú àkísà pupa láti inú ẹrù, mo mú ìkarahun méjì tí mo ṣà létí òkun, mo so wọ́n mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ọkàn mi balẹ̀.

Nígbà tí mo jí, Ìyá Ẹlẹ́ja dúró níwájú kẹ̀kẹ́. Ọmọ wọn ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn wọn. Kò sí ẹni tó dá iná.

"Ta ló so nǹkan yìí?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ta lo so ó dè?"

"Àwọn olè ni, Ìyá."

"Olè wo? Àwa mẹ́ta tí ò ń wò yìí ló sùn nínú ọgbà. Èwo ni nínú wa?"

Ẹni tó gbọ́n á ti dọ̀bálẹ̀. Èmi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní nílé tiwa, ààlè kì í ṣe èébú, ààlè kàn jẹ́ pé... Wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

"Mo gbé Èkó. Mo mọ ààlè. Ẹrù tí kò ní olùṣọ́ là ń so ó mọ́. Inú ọgbà mi ni kẹ̀kẹ́ rẹ wà. Ṣé èmi kì í ṣe olùṣọ́ ni?"

Wọ́n ní kí a gbé e, kí a máa lọ. Wọn kò pariwo. Mo tún ní ìgboyà láti bínú lọ́nà, mo ń sọ fún Sùnmọ́nù pé obìnrin náà le. Sùnmọ́nù tẹ kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ lọ ṣáájú mi.

Ọ̀rọ̀ gba etí òkun ṣáájú wa. Àwọn alárù ẹja ló mú un lọ. Níbi tí a bá dé, wọ́n á ti gbọ́ pé Ànàgó méjì ń bọ̀ tí wọ́n so oògùn mọ́ kẹ̀kẹ́. Omi pàápàá, wọ́n á ní ó ti tán nínú àmù. A sùn síta nínú òjò lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́ lẹ́yìn èkejì, eyín Sùnmọ́nù ti ń gbá ara wọn, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Lomé kò jìnnà mọ́. Wọ́n sọ fún wa pé bí a bá múra, a ó dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo wo iwájú, mo wo Sùnmọ́nù. Mo ta kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ fún apẹja kan, mo fi ra oògùn ibà, mo gbé e sẹ́yìn tèmi, mo sì yí orí kẹ̀kẹ́ padà. Títí di òní ó ṣì ń bi mí léèrè kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Títí di òní awakọ̀ yẹn ṣì máa ń kí mi pé, "Mùkáílà Lomé!" Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀. Tí Túndé bá ṣàìsàn, ibi tí ó dùbúlẹ̀ sí ni Lomé rẹ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ohun mìíràn fún ọ.

Ilé tí mo mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Mo tì í dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹlẹ́ja, mo sì dojú bolẹ̀ nínú iyanrìn. Wọn kò wò mí. Sùnmọ́nù ni wọ́n wò. Wọ́n ní, "Gbé ọmọ yẹn wọlé." Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí mi. "Kẹ̀kẹ́ ńkọ́?"

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Mo ní, "Ìyá, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀."

Wọ́n fúnra wọn tì í wọ inú yàrá wọn, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ní gbogbo ìgbà tí Sùnmọ́nù fi dùbúlẹ̀, mi ò fi ojú kàn án, mi ò sì béèrè rẹ̀. Mo ń fa àwọ̀n pẹ̀lú ọmọ wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ kúrò, àwọn fúnra wọn ló tì í jáde. Wọ́n ti nu iyanrìn kúrò lára ṣéènì, wọ́n so ẹja yíyan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n fà á lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ẹni tí mo fi ọwọ́ mi fún ní kẹ̀kẹ́, ọ̀nà á gbà á."

Láti ibẹ̀ dé ilé, kò sí ọgbà tí a dé tí mi ò kọ́kọ́ sọ pé, "Bàbá, Ìyá, ẹ bá mi tọ́jú kẹ̀kẹ́ mi," kí n tó tú ẹrù. Kò sẹ́ni tó lé wa mọ́. Ọ̀kan gbé e sí ilé ìdáná. Ọ̀kan tì í sábẹ́ àká. Bàbá arúgbó kan ní Ìgòólò fi okùn so ó mọ́ ẹsẹ̀ ara wọn bí ẹni so ewúrẹ́, wọ́n sì hanrun di àárọ̀. Ohun tí o bá fi lé ènìyàn lọ́wọ́ ti di iyì rẹ̀. Ohun tí o bá tì pa mọ́ ọn lójú ti di ẹ̀sùn. Ní ìgboro, ní gáréèjì, létí òkun níbi tí o ti sanwó, lo àgádágodo. Kò sí onílé níbẹ̀. Níbi tí onílé bá wà, òun ni àgádágodo rẹ.

Wàyí o, ti Ìyá.

O rò pé wọ́n kàn le ni. O kò mọ ohun tí ojú wọn rí. Oṣù tí mo dá fún wọn lé, òmíràn tún fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e tán, mi ò ráńṣẹ́. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ wọ́n ń lọ jókòó sí oríta tí ọkọ̀ Ìbàdàn ti ń já èrò. Ìwọ ni wọ́n máa ń gbé pọ̀n lọ, bí o tilẹ̀ ti tóbi ju ẹni à ń pọ̀n lọ, nítorí wọn kò fẹ́ fi ọmọ kejì sílẹ̀ nílé. Àwọn awakọ̀ a máa ké sí wọn láti inú ọkọ̀ pé, "Ìyá Mùkáílà, kẹ̀kẹ́ kò tíì dé o!" Wọ́n ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ni. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Oríta ni Ìyá ti kọ́ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo dé, mo bá wọn níbẹ̀. Wọn kò dì mọ́ mi, wọn kò sunkún. Wọ́n dìde, wọ́n já kẹ̀kẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n tì í lọ sílé, sínú yàrá wọn. Ibẹ̀ ló wà títí di òní. Òun ni o máa ń sá aṣọ sí nígbà tí o wà ní kékeré. O kò béèrè rí ìdí tí ẹnikẹ́ni kì í fi gùn ún. Èmi náà kò bẹ̀bẹ̀ fún un. Olórí kunkun ni mí; mo ṣiṣẹ́, mo ra òmíràn.

Ìgbà tí ìwé rẹ dé ni mo tó rò ó. Ìyá méjì ló gbé kẹ̀kẹ́ mi wọ yàrá. Èyí tí mo fà lé lọ́wọ́ fúnra mi dá a padà pẹ̀lú àdúrà. Èyí tó ní láti já a gbà lọ́wọ́ mi kò dá a padà.

Nítorí náà ohun tí o ó ṣe nìyí. Ibùdó àkọ́kọ́ rẹ kò sí ní Ìdìróko. Ẹ̀yìnkùlé wa ni. Ìwọ àti Túndé, ẹ gun kẹ̀kẹ́ yín láti Ajíbọ́dẹ wá síbí, kí ẹ dé nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè igi. Má wọlé tààrà. Dúró lẹ́nu ọ̀nà, dọ̀bálẹ̀, kí o tọrọ omi lọ́wọ́ Ìyá. Tí wọ́n bá ti bu omi fún ọ, sọ pé, "Ìyá, arìnrìn-àjò ni mí. Ẹ fún mi ní ibi tí mo lè pa àgọ́ sí." Wọ́n á bú ọ. Jẹ́ kí wọ́n bú ọ tán. Lẹ́yìn náà, kí o tó tú okùn kan, fi ọwọ́ méjèèjì gbé kẹ̀kẹ́ fún wọn, kí o ní kí wọ́n bá ọ tọ́jú rẹ̀. Pa àgọ́ sẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí mo ti gbé igi kúrò. Sùn síbẹ̀. Má wọ yàrá rẹ àtijọ́.

Láàárọ̀, gba ìgbálẹ̀, gbá ọgbà, kí o dúró. Má béèrè. Tí wọ́n bá tì í jáde wá fún ọ, gùn ún, máa lọ, kí o sì máa fi ìròyìn rán awakọ̀ sí oríta láti ìlú dé ìlú, kí Ìyá rí nǹkan gidi gbọ́ lẹ́nu wọn lọ́tẹ̀ yìí. Tí wọn kò bá tì í jáde, jókòó, bá wọn bó ẹ̀gúsí, kí o sùn di ọ̀la. Mi ò ní bá ọ bẹ̀ wọ́n. Ọ̀nà yìí, ìwọ lo ni ín.

Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbójú sókè nídìí ẹ̀gúsí. Wọ́n ní, "Ìwé gígùn wo nìyẹn? Ṣé o ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó má lọ?"

Mo ní, "Mo ní kó wá sílé ni, Ìyá."

Wọ́n bó mélòó kan sí i. Wọ́n wá ní, "Ẹ̀yìn ilé ìdáná yẹn, o ò tíì ro ó. Kòkòrò á wà níbẹ̀."

Mi ò ka ìwé yìí sí wọn létí, Àyìndé. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe mọ̀. Mo ń lọ mú ọkọ́.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Mùkáílà.